Òkè Gbẹ, Ìsàlẹ̀ Rin: Ọ̀rọ̀ Lórí Owó Ìpín Kọ́ńpìnnì

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun Allāh ni, Ọba tí ó mọ ohun tí a fi hàn àti ohun tí a fi pamọ́. Ikẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ìbéèrè kan ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú oṣù yìí. Bí ènìyàn bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò sí irọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó mọ̀ pé ẹni tí ń gbọ́ ọ yóò gbà á sí nǹkan mìíràn, ǹjẹ́ òtítọ́ ni ó sọ? Lórí ẹní ilé kéú, ìdáhùn ìbéèrè yìí kì í ṣòro. Nígbà tí owó bá wọ̀ ọ́ ni ó máa ń le. Nítorí náà, ibi tí owó wà ni a fẹ́ gbé e lọ: inú ìwé ìṣirò owó tí òfin sọ pé kí kọ́ńpìnnì máa ṣe lọ́dọọdún, àti ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé náà, ìyẹn ìlà owó ìpín.

Ẹnìkan lè wí pé, kí ló kan ilé kéú nínú ìṣirò kọ́ńpìnnì? Ó kàn wá púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ni ó ń forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀ lónìí. Òmíràn ń ra ìpín nínú kọ́ńpìnnì ẹlòmíràn. Òmíràn ń ta ọjà àwìn fún wọn. Owó ìyá àti owó bàbá ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé síbẹ̀. Kò sì yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ haláàlì àti haráàmù mọ sórí ẹran àti ọtí nìkan.

KÍ NI OWÓ ÌPÍN?

Nígbà tí àwọn ènìyàn bá fẹ́ dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, wọn a pín ìní rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ìpín, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní ṣíà. Ẹni tí ó bá gba ìpín ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni kọ́ńpìnnì náà. Iye tí a kọ sórí gbogbo ìpín wọ̀nyí lápapọ̀ ni owó ìpín.

Ohun tí ó ya kọ́ńpìnnì sọ́tọ̀ sí ìsọ̀ ìyá alátà ni pé òfin kà á sí ẹ̀dá kan lọ́tọ̀. Bí ìyá alátà bá jẹ gbèsè, ọrùn rẹ̀ ni gbèsè náà wà. Bí ìsọ̀ bá wó, wọn yóò bá a délé. Ṣùgbọ́n bí kọ́ńpìnnì bá jẹ gbèsè, kọ́ńpìnnì ni ó jẹ ẹ́. Àwọn tí ó ni ín kì yóò san ju iye tí ó bá ṣẹ́kù tí wọn kò tíì san lórí ìpín wọn. Ìtumọ̀ "Limited" tí a ń rí ní ìparí orúkọ ilé-iṣẹ́ nìyẹn.

Ẹjọ́ kan tí ó lókìkí ni ó fi ìdí èyí múlẹ̀. Ní ìlú London, ọkùnrin kan tí ń ṣe bàtà, Aron Salomon, sọ iṣẹ́ rẹ̀ di kọ́ńpìnnì ní ọdún 1892. Ìpín 20,007 ni wọ́n pín jáde. Òun nìkan mú 20,001, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ márùn-ún sì mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí kọ́ńpìnnì náà fi wó, gbèsè sì wà nílẹ̀. Àwọn kan ní kí Salomon fi owó ara rẹ̀ san án. Ní ọdún 1896, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ pé gbèsè náà kì í ṣe tirẹ̀, ti kọ́ńpìnnì ni. Ọ̀kan nínú ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn tí ó bá kọ́ńpìnnì náà ṣòwò ti mọ̀ pé kì í ṣe ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ ni àwọn ń bá ṣe mọ́, àti pé a gbọ́dọ̀ kà wọ́n sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà nínú ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀. Òfin Nàìjíríà náà gba ìpìlẹ̀ yìí.

Ẹ kíyè sí i dáadáa. Àyè ńlá ni òfin fún àwọn tí ó ni kọ́ńpìnnì. Àwa tí a mọ bí gbèsè ti wúwo tó nínú ẹ̀sìn wa, tí a mọ̀ pé Ànọ́bì fà sẹ́yìn láti kírun sí ọkùnrin kan lára nítorí gbèsè, títí tí Abu Qatādah fi gbà á sọ́rùn, yẹ kí a mọ bí àyè náà ti tóbi tó. Kí ni wọ́n fi san owó àyè yìí? Ìfihàn ni wọ́n fi san án. Ẹni tí ó bá wí fún aráyé pé, "Ẹ kò lè bá mi délé, ibi báyìí ni owó yín mọ," ó di dandan fún un kí ó fi hàn wọ́n bí "ibi báyìí" náà ṣe jìn tó. Bí ó bá gba àyè náà, tí kò sì fi ibẹ̀ hàn, ó ti gba ọjà láìsan owó rẹ̀.

ORÚKỌ KAN, ÌTUMỌ̀ MẸ́TA

Ibi tí ìṣòro ti wọlé nìyí. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ènìyàn lè máa pè ní owó ìpín. Ìkínní ni owó ìpín àṣẹ, ìyẹn gbèdéke iye ìpín tí ìwé ìdásílẹ̀ gba kọ́ńpìnnì láyè láti pín. Ìkejì ni owó ìpín tí wọ́n ti pín jáde fún àwọn ènìyàn. Ìkẹta ni èyí tí àwọn tí ó gba ìpín ti san owó rẹ̀ ní tòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 1990. Wọ́n kọ ọ́ pé owó ìpín àṣẹ rẹ̀ jẹ́ 1,000,000 náírà, náírà kan fún ìpín kan. Òfin ìgbà náà ní kí wọ́n pín ìdámẹ́rin rẹ̀ jáde, ó kéré tán, wọ́n sì pín 250,000. Ẹnì kọ̀ọ̀kan san 20,000 náírà, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60,000. Wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tí wọ́n fi ń wá ọjà àwìn pé "Owó ìpín: mílíọ̀nù kan náírà." Oníṣòwò kan rí i, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó kó ọjà 600,000 náírà fún wọn.

Kọ́ńpìnnì wó, owó inú rẹ̀ sì ti tán. Ohun tí òfin lè gbà lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta yìí ni èyí tí wọn kò tíì san nínú ìpín tí wọ́n gbà, ìyẹn 190,000 náírà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ san án pé pérépéré, 410,000 náírà ti gbé mọ́ oníṣòwò náà lọ́wọ́. Ní ti 750,000 tí wọn kò pín jáde, kò fi ìgbà kankan jẹ́ owó ẹnikẹ́ni. Àyè òfìfo tí a fi òǹkà kùn ni.

Ǹjẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ yìí purọ́? Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ náà wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, a kò ní rí irọ́ níbẹ̀. Mílíọ̀nù kan ni ó wà nínú ìwé ìdásílẹ̀ wọn lóòótọ́. Wọn kò yí ìwé, wọn kò sì jalè.

ÒKÌTÌ OÚNJẸ INÚ ỌJÀ

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn tí Abu Hurayrah gbà wá, tí ó wà nínú àkójọ Imām Muslim. Ànọ́bì, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọjá lára òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ibi tí ó rin. Ó bi ọlọ́jà léèrè, ọkùnrin náà ní òjò ni ó pa á. Ànọ́bì bi í pé kí ni kò jẹ́ kí ó gbé èyí tí ó rin sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì yọ ẹni tí ń tan ni jẹ kúrò nínú àwùjọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí ìtàn yìí díẹ̀, nítorí a ti kà á tó bẹ́ẹ̀ tí ojú wa fi máa ń fò ó. Ọlọ́jà yìí kò sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹnikẹ́ni kí Ànọ́bì tó bi í. Kò búra. Òun kọ́ ni ó da omi sí oúnjẹ, òjò ni. Ó tilẹ̀ jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀ nígbà tí a bi í. Síbẹ̀, ẹ̀tàn ni a pe ohun tí ó ṣe. Ibo ni ẹ̀tàn náà wà? Inú bí ó ṣe to òkìtì náà ni ó wà. Ó mọ̀ pé òkè ni ojú olùrà yóò kọ́kọ́ bà, ó sì fi èyí tí ó gbẹ síbẹ̀.

Nípa báyìí, ìdáhùn ìbéèrè wa ti ń yọjú. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kọ́ ni a fi ń díwọ̀n òtítọ́ nínú òwò. A tún ń wo ohun tí a mọ̀ pé ẹnìkejì yóò lóye láti inú rẹ̀, tí yóò sì tìtorí rẹ̀ fi owó sílẹ̀. Mílíọ̀nù kan tí a kọ gàdàgbà ni òkè òkìtì tí ó gbẹ, 60,000 tí a san ni ìsàlẹ̀ rẹ̀.

BÍ ÒFIN ṢE Ń TÚ ÒKÌTÌ

Àwọn tí ń ṣòfin ti rí ìṣòro yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òfin kọ́ńpìnnì wa ti ṣẹ̀ wá, ìlànà kan wà tí ó wù wá púpọ̀. Kò sí dandan pé kí kọ́ńpìnnì kọ iye owó ìpín sórí ìwé tí ó fi ń ránṣẹ́ sí oníbàárà. Ṣùgbọ́n bí ó bá máa kọ ọ́ rárá, èyí tí wọ́n ti san ni ó gbọ́dọ̀ kọ. Ẹ wo bí ìlànà náà ti bá ọ̀rọ̀ òkìtì mu tó: a gba ọ láyè láti dákẹ́, ṣùgbọ́n a kò gbà ọ́ láyè láti sọ̀rọ̀ ààbọ̀.

Nílé níbí, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin kọ́ńpìnnì tuntun ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2020. Òfin ọdún 1990 ń fi owó ìpín àṣẹ ṣe òǹkà, 10,000 náírà ni ó kéré jù fún kọ́ńpìnnì aládàáni. Òfin tuntun fi owó ìpín tí a ti pín jáde rọ́pò rẹ̀: 100,000 náírà ni ó kéré jù fún kọ́ńpìnnì aládàáni, 2,000,000 fún ti gbogbo ènìyàn. Àjọ CAC, tí ń forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀, sì fún àwọn tí ó ní ìpín tí wọn kò tíì pín ní gbèdéke ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2022 láti pín in tán.

Ìlànà ìṣirò owó àgbáyé, tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lò láti ọdún 2012, tún wọ inú rẹ̀ jinlẹ̀ sí i. Ó ní kí ìwé ìṣirò fi nǹkan wọ̀nyí hàn fún irú ìpín kọ̀ọ̀kan:

1. Iye ìpín tí a ti pín jáde tí wọ́n sì ti san owó rẹ̀ tán, àti iye èyí tí wọn kò tíì san tán.
2. Iye owó tí a kọ sórí ìpín kan.
3. Bí iye ìpín ṣe yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí rẹ̀.
4. Ẹ̀tọ́ tí ó wà lára ìpín náà àti ohun tí ó dí i lọ́wọ́, pàápàá lórí èrè pípín.
5. Ìpín tí kọ́ńpìnnì fúnra rẹ̀ mú dání nínú ara rẹ̀, àti èyí tí ó ti ṣèlérí fún ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn èyí, òfin 2020 ní kí ẹni tí ó bá ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ìpín kọ́ńpìnnì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fi ara rẹ̀ hàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ẹlòmíràn ni ó fi mú un. Ọwọ́ tí a ń kì bọ inú òkìtì ni gbogbo èyí.

ÀTAKÒ MÉJÌ

Àwọn kan yóò wí pé: ṣebí ẹ̀sìn wa kọ́ wa láti bo àṣírí? Ṣebí ẹni tí ó bá bo àṣírí ọmọnìkejì rẹ̀, Ọlọ́hun yóò bo tirẹ̀? Òtítọ́ ni, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Bí arákùnrin kan bá jẹ̀bi nínú ìyẹ̀wù rẹ̀, tí kò kan owó ẹnikẹ́ni, bíbò ni ó yẹ. Bí òṣì bá ń ta ọ̀dọ́bìnrin kan, tí kò fẹ́ kí aládùúgbò mọ̀, ọlá rẹ̀ ni, kí a má tú u. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá gbé àwo lọ bá ènìyàn pé kí ó bu owó sí i, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àṣírí tí ẹlòmíràn yóò fi owó rẹ̀ san kì í ṣe àṣírí rẹ nìkan mọ́. Òun náà ti ní ìpín nínú rẹ̀.

Àtakò kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ọ̀dọ́ tí ó kọ ọ́ pé 60,000 náírà ni ó wà lábẹ́ kọ́ńpìnnì òun lè pàdánù iṣẹ́ tí ẹni tí ó kọ mílíọ̀nù kan yóò gbà. A kò ní tan yín jẹ pé kò rí bẹ́ẹ̀. A kò sì ní ṣèlérí pé ẹni tí ó bá sọ òtítọ́ ní òwúrọ̀ yóò là kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí a ń wí ni pé ìnáwó ńbẹ nínú ọ̀nà méjèèjì, ẹni tí yóò san án ni ó yàtọ̀. Bí o bá sọ òtítọ́, tí iṣẹ́ bọ́, ìwọ ni o ru àdánù náà, ìwọ ni o sì yàn án. Bí o bá to òkìtì, tí kọ́ńpìnnì wó, oníṣòwò tí ó gbà ọ́ gbọ́ ni yóò rù ú, ẹnikẹ́ni kò sì bi í bóyá ó fẹ́. Ìpalára ibẹ̀ nìyẹn: o gbé ẹrù rẹ sí orí ẹlòmíràn nígbà tí ojú rẹ̀ wà níbòmíràn.

IBI TÍ ÒFIN MỌ

Síbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé òfin lè tú gbogbo òkìtì. Ní ọdún 2004, Charles Soludo, Gómìnà Báǹkì Àpapọ̀ nígbà náà, ní kí báǹkì kọ̀ọ̀kan gbé owó ìpìlẹ̀ rẹ̀ kúrò ní bílíọ̀nù 2 náírà sí bílíọ̀nù 25 kí ọdún 2005 tó parí. Báǹkì 89 di 25. Òǹkà ńláńlá wọ inú ìwé ìṣirò, inú aráyé sì dùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, Gómìnà tí ó tẹ̀lé e, Sanusi Lamido Sanusi, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn ọ̀gá báǹkì kan nípò. Ó ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé ní àwọn báǹkì kan, owó tí àwọn ènìyàn fi pamọ́ síbẹ̀ ni wọ́n fi ra ìpín báǹkì náà fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni pé owó onífipamọ́ yí po, ó sì padà wọlé pẹ̀lú orúkọ owó onílé. Lórí ìwé, wọ́n ti pín ìpín jáde, wọ́n sì ti san owó rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ṣì rin.

Nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ tún gbé owó ìpìlẹ̀ sókè ní oṣù kẹta ọdún 2024, tí ó fi gbèdéke sí ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2026, ó là á kalẹ̀ pé owó ìpín tí wọ́n ti san àti àlékún tí wọ́n san lé iye orí ìpín nìkan ni òun yóò kà. Bílíọ̀nù 20 náírà ni ó ní kí báǹkì aláìgbèlé tí ń ṣiṣẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè ní. Ẹ̀kọ́ tí ìrírí kọ́ni ni ìlànà bẹ́ẹ̀ ń mú wá. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ tan ni jẹ máa ń yára ju ẹsẹ̀ òfin lọ.

Ohun mìíràn sì wà. Òfin 2020 dá kọ́ńpìnnì kékeré sí kúrò lábẹ́ ọ̀dítọ̀, bí ọjà tí ó tà lọ́dún kò bá ju mílíọ̀nù 120 náírà lọ, tí ohun ìní rẹ̀ lẹ́yìn gbèsè kò sì ju mílíọ̀nù 60 lọ, pẹ̀lú àwọn àdéhùn mìíràn. Àánú ni èyí jẹ́ fún aláìlówó, nítorí owó ọ̀dítọ̀ kò kéré. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú irú kọ́ńpìnnì tí púpọ̀ nínú yín yóò dá sílẹ̀, kò sí ojú kejì tí yóò wo òkìtì náà kí ó tó dé ọjà. Ìwọ àti Ẹlẹ́dàá rẹ ni ó kù níbẹ̀.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Fún ẹni tí ó ń dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀: kọ iye tí o lè san, sì san iye tí o kọ. Bí ó bá ku èyí tí o kò tíì san, jẹ́ kí ìwé ìṣirò rẹ wí bẹ́ẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ mudārabah, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó ní kí owó òwò jẹ́ mímọ̀, kí ó má sì jẹ́ gbèsè lásán. Ìwọ tí o kà á ní ilé kéú, má ṣe fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Fún ẹni tí ó fẹ́ fi owó sílẹ̀, tàbí tí ó fẹ́ ta àwìn: bèèrè. Má ṣe rò pé ìfura burúkú tàbí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Kọ́ńpìnnì tí ó gba àyè òfin ti gbà pé kí a wo òun. Lọ wo àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní àjọ CAC. Bèèrè ìwé ìṣirò, kí o sì ka àlàyé tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan. Kí o sì rántí pé owó ìpín tí a san pàápàá kì í ṣe owó tí ó wà nínú àpótí lónìí. Ohun tí wọ́n gbé wọlé nígbà kan ni. Wo bóyá àdánù ti jẹ ẹ́.

Fún ẹni tí ó ní ìpín kékeré: wá sí ìpàdé ọdọọdún. Bí ìpín tuntun bá wọlé, bèèrè ẹni tí ó gbà á àti iye tí ó san. Ẹni tí ó dákẹ́ nítorí ìtìjú ń ran ẹni tí ó to òkìtì lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ará wa, ìlà kan ṣoṣo ni owó ìpín nínú ìwé ìṣirò, ojú a sì máa fò ó. Àmáánà ni, nítorí ẹnìkan tí a kò mọ̀, tí kò sì mọ̀ wá, yóò fi ọkàn tán òǹkà tí ó wà níbẹ̀, yóò sì tìtorí rẹ̀ gbé owó iléèwé ọmọ rẹ̀ kalẹ̀. Kí a tó fi ọwọ́ sí i, kí a bi ara wa léèrè: bí ẹni yìí bá mọ gbogbo ohun tí a mọ̀, ṣé yóò ṣì ṣe ohun tí ó fẹ́ ṣe yìí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí ó rin ni kí a gbé sókè.

Kí Ọlọ́hun Allāh fi wá sínú àwọn olódodo nínú òwò, kí Ó fi haláàlì rọ̀ wá lọ́rùn, kí Ó má ṣe jẹ́ kí owó ẹlòmíràn di ẹrù sí wa lọ́rùn ní Ọjọ́ Ìdájọ́. Àmín.